Etí La Fi Ń Tọ́jú Ìjàpá

Ẹni tó bá ti wakọ̀ láti Ìtàwúrẹ́ gòkè lọ sí Ẹ̀fọ̀n-Alààyè mọ ohun tí òkè máa ń fojú ọkọ̀ rí. Ọ̀nà ń lọ́, ó ń gòkè, ó tún ń lọ́. Ọkọ̀ tó gbé ẹrù tó jù ú lọ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, onímọ́tò á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, á sì máa wá omi kiri. Volkswagen Ìjàpá kì í wá omi, nítorí kò ní rédíétọ̀ rárá. Afẹ́fẹ́ ló ń tu ẹ́ńjìnì rẹ̀ lára. Èyí ló mú kí àwọn kan máa sọ pé ọkọ̀ yìí kì í gbóná. Ọ̀rọ̀ yẹn kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ń gbóná, àmọ́ omi kankan kò sí nínú rẹ̀ tó máa hó kí awakọ̀ lè mọ̀.

Fáànù tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ yìí wà lórí ọ̀pá kan náà pẹ̀lú dáínámò, fánbẹ́lìtì kan ṣoṣo ló sì ń yí àwọn méjèèjì. Bí ẹ́ńjìnì bá ń sáré, fáànù á máa fẹ́ dáadáa. Bí ẹ́ńjìnì bá ń rá pálá, fáànù náà á máa rá pálá. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà fún awakọ̀. Ẹni tó bá fi jíà kẹrin gun òkè Ẹ̀fọ̀n, tó kàn tẹ epo mọ́lẹ̀ kí ó má baà pààrọ̀ jíà, ìyà ló fi ń jẹ ọkọ̀ náà: iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn ẹ́ńjìnì, ooru pọ̀ nínú rẹ̀, àsìkò yẹn gan-an ni afẹ́fẹ́ sì kéré jù. Ẹni tó mọ Ìjàpá á ti bọ́ sí jíà kẹta kí òkè tó le, á sì bọ́ sí ìkejì níbi tí kọ̀rọ̀ bá ti ga jù. Kò sí géèjì nínú dáṣíbọ́ọ̀dù tó máa sọ bí ooru ṣe pọ̀ tó. Iná kan wà fún dáínámò, iná kan wà fún ọ́ìlì, ó parí. Ìyókù, etí ni.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wa Ìjàpá, tí mo sì ń fọwọ́ ara mi tún un ṣe, láàárín Adó-Èkìtì àti àwọn ìlú tó yí i ká: Ìyìn, Ìgèdè, Ìlawẹ̀, Ìkẹ́rẹ́, Ìfàkì. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí àwọn èèyàn máa ń bi mí ni pé níbo ni mo ti ń rí sípíà páàtì. Ìdáhùn mi kì í yí padà: páàtì wà. Àwọn tí etí wọn gbọ́ èdè ọkọ̀ náà, tí ọwọ́ wọn sì mọ ohun tí wọ́n máa ṣe lẹ́yìn tí wọ́n bá gbọ́, àwọn ló ń dín kù. Ọ̀rọ̀ wọn ló ń jẹ mí lọ́kàn, tí mo fi ń kọ èyí.

Ọkọ̀ yìí ti rìn jìnnà kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ferdinand Porsche ló ya àwòrán rẹ̀ ní Jámánì, ọdún 1938 ni wọ́n sì fi ìpìlẹ̀ ilé iṣẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, níbi tí a wá mọ̀ sí Wolfsburg. Ogun àgbáyé kejì dé, iṣẹ́ dàrú. Lẹ́yìn ogun, sójà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Ivan Hirst, tó jẹ́ Májò nígbà náà, ló kó àwọn òṣìṣẹ́ jọ nínú ilé tí bọ́ǹbù ti fọ́, tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó fi di oṣù Kejì ọdún 1972, iye Ìjàpá tí wọ́n ti ṣe ti ju mílíọ̀nù 15 lọ, ó sì ti ré kọjá Model T tí Ford ṣe, èyí tó di ipò iwájú mú tẹ́lẹ̀.

Ọdún 1972 yẹn kan náà ṣe pàtàkì fún wa nílé. Ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin ni Nàìjíríà kúrò ní apá òsì títì, tí gbogbo ọkọ̀ bọ́ sí apá ọ̀tún. Bí ẹ bá rí Ìjàpá tí sitiárìn rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún lẹ́yìn ilé àgbàlagbà kan, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó ti wọlé kí ọjọ́ yẹn tó dé. Nígbà tó di oṣù Kẹta ọdún 1975, ilé iṣẹ́ Volkswagen ṣílẹ̀kùn ní Òjó, lọ́nà Badagry nílùú Èkó, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Ìjàpá níbẹ̀. Àsìkò náà bọ́ sí àsìkò owó Udoji. Ìgbìmọ̀ tí Olóyè Jerome Udoji darí ti dábàá owó oṣù tuntun fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní 1974, nígbà tí wọ́n sì san àfikún owó náà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀pọ̀ olùkọ́ àti akọ̀wé tí wọ́n ti ń gun kẹ̀kẹ́ rí ohun tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í ra ọkọ̀.

Ilẹ̀ tí olùkọ́ pọ̀ bíi ti Èkìtì ni Ìjàpá ti rí ilé. Ilé ẹ̀kọ́ bíi Christ's School ní Adó ti wà láti 1933, ó sì ti tọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn tó padà di olùkọ́ káàkiri ilẹ̀ yìí. Àwọn olùkọ́ wọ̀nyí gba lóònù ọkọ̀, wọ́n ra Ìjàpá, wọ́n fi gbé ọmọ lọ sílé ìwé, wọ́n fi gbé iṣu bọ̀ láti oko, wọ́n fi gbé ìyàwó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ọkọ̀ ẹni tó níwèé ni, síbẹ̀ kì í ṣe ọkọ̀ ọlọ́rọ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún ní Èkìtì lónìí ní ìtàn Ìjàpá kan láti sọ. Lẹ́yìn 1986, tí náírà ṣubú lábẹ́ ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní SAP, agbára olùkọ́ kò ká ọkọ̀ tuntun mọ́. Tòkunbọ̀ gba ojú títì, iṣẹ́ ní Òjó lọ sílẹ̀ títí tó fi dáwọ́ dúró. Ní Mexico ni wọ́n ti ṣe èyí tó kẹ́yìn nínú gbogbo Ìjàpá ayé, ní ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù Keje ọdún 2003. Gbogbo rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 21.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ̀rọ̀ tápẹ́tì, nítorí ibẹ̀ la ti ń mọ ẹni tó gbọ́ Ìjàpá.

Fáàfù ni ilẹ̀kùn sìlíńdà: ọ̀kan ń jẹ́ kí epo àti afẹ́fẹ́ wọlé, ìkejì ń jẹ́ kí èéfín jáde. Láàárín fáàfù àti apá tó ń tì í, àlàfo tín-ín-rín kan gbọ́dọ̀ wà, òun la sì ń wọ̀n tí a bá ní à ń wọn tápẹ́tì. Nínú ọ̀pọ̀ Ìjàpá, 0.15 mm ni, a sì gbọ́dọ̀ wọ̀n ọ́n nígbà tí ẹ́ńjìnì bá tutù pátápátá. Bí àlàfo yìí bá fẹ̀ jù, ẹ máa gbọ́ ọ: ta-ta-ta-ta-ta, láti ẹ̀yìn ọkọ̀. Ó ń dín agbára kù díẹ̀, ó sì ń dá awakọ̀ lágara, àmọ́ kì í pa ẹ́ńjìnì lójijì. Bí àlàfo bá tán ńkọ́? Ẹ́ńjìnì á dákẹ́. Ariwo á lọ, ohùn rẹ̀ á rọ̀, inú onímọ́tò á sì máa dùn pé ọkọ̀ òun ti gbádùn. Àsìkò yẹn gan-an ló yẹ kí ẹ̀rù bà á.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Fáàfù tó ń tú èéfín jáde gbóná ju gbogbo ohun tó wà nínú ẹ́ńjìnì lọ. Ìgbà tó bá padé, tó fara ti ibùjókòó rẹ̀, ló máa ń rí àyè gbé ooru ara rẹ̀ fún irin tó yí i ká. Bí àlàfo kò bá sí mọ́, kò ní padé tán, ooru kò ní rí ọ̀nà lọ, etí fáàfù á bẹ̀rẹ̀ sí í jóná. Lọ́jọ́ kan orí rẹ̀ á já bọ́ sórí písítọ̀nù, ẹ́ńjìnì yẹn sì ti kú nìyẹn. Sìlíńdà kẹta ló sábà máa ń kọ́kọ́ kàgbákò, pàápàá nínú àwọn Ìjàpá tó ti wà ṣáájú 1971, nítorí pé wọ́n gbé kúlà ọ́ìlì sójú ọ̀nà afẹ́fẹ́ tó ń lọ síbẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó ti kọ́kọ́ gba ara ọ́ìlì gbígbóná kọjá ló ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, tápẹ́tì tó ń sọ̀rọ̀ díẹ̀ láàárọ̀ dùn mọ́ mi nínú ju èyí tó dákẹ́ lọ. Mo ti rí àwọn mẹkáníìkì tuntun tí wọ́n ń fún tápẹ́tì pa títí ariwo fi lọ, kí oníbàárà lè yìn wọ́n. Oníbàárà á yìn wọ́n lóòótọ́, á sanwó, á dúpẹ́, kó tó di pé ọkọ̀ náà dúró sí ojú ọ̀nà Ìléṣà.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ yìí kì í fọwọ́ kan tápẹ́tì lẹ́yìn tí oòrùn bá ti ràn. Ní ìdájí ló máa ń ṣe é, kí ẹnikẹ́ni tó fi kọ́kọ́rọ́ kan ọkọ̀ náà. Á fi aṣọ nu ìdọ̀tí kúrò lára ìdérí fáàfù kó má baà já sínú, á já irin tó di ìdérí náà mú sísàlẹ̀, á sì yọ ọ́. Lẹ́yìn náà á ṣí orí disitíríbútọ̀, á fi sípánà yí púlì títí àmì ara rẹ̀ á fi bọ́ sí ojú ìlà tó pín ẹ́ńjìnì sí méjì, tí ọwọ́ rótọ̀ inú disitíríbútọ̀ á sì kọjú sí sìlíńdà kìíní. Á wọn fáàfù méjèèjì tó wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, á yí púlì ní ìlàjì, àmọ́ ẹ̀yìn ló máa yí i sí.

Ọmọ iṣẹ́ kan bi í lójú mi pé, "Ọ̀gá, kí ló dé tí ẹ fi ń yí i sẹ́yìn?"

Ó ní, "Tí o bá yí i síwájú, ení, ẹ̀rin, ẹ̀ta, èjì ló máa tò ó fún ẹ, o ò sì ní mọ èyí tó o ti ṣe. Tí o bá yí i sẹ́yìn, ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin ni. Ṣé o rí i báyìí?"

Ọmọ náà rí i. Èmi náà rí i. Kò sí ìwé tí mo kà tó là á yé mi tó bẹ́ẹ̀.

Irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń wọn àlàfo náà, fílà géèjì, kò gbọ́dọ̀ kọjá wẹ́rẹ́, kò sì gbọ́dọ̀ há. Ó gbọ́dọ̀ fà mọ́ ọ lọ́wọ́ díẹ̀ bó o ṣe ń yọ ọ́. Bí ìfà yẹn ṣe rí, ẹnu kò lè ròyìn rẹ̀ tán. Àfi kí ẹni tó mọ̀ ọ́n di ọwọ́ rẹ mú lórí irin náà lẹ́ẹ̀kan. Bí ọ̀gá bá ti di nọ́ọ̀tì pa tán, á tún wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kejì, nítorí pé nọ́ọ̀tì máa ń fa àlàfo náà dín nígbà tí a bá ń dì í. Mẹkáníìkì tó bá fo ìwọ̀n ẹlẹ́ẹ̀kejì yẹn, mi ò ní gbé ọkọ̀ mi fún un.

Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì kò gùn. Lítà méjì àbọ̀ péré ni Ìjàpá ń gbà, kò sì ní fílítà, àfi asẹ́ kékeré kan nísàlẹ̀. Ọ́ìlì kékeré yẹn kan náà ló ń tu ẹ́ńjìnì lára pẹ̀lú afẹ́fẹ́. Ẹni tó bá fi ìṣirò ọkọ̀ ìgbàlódé ṣe é, tó ń dúró di kìlómítà 10,000 kó tó pààrọ̀ ọ́ìlì, ń pa á ni. Kìlómítà 5,000 ni òpin. Nínú ooru tiwa àti òkè tiwa, èmi kì í jẹ́ kó tó bẹ́ẹ̀. Bí mo bá yọ asẹ́ náà, mo máa ń gbé e síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, mo máa ń wò ó bóyá irin wínníwínní ń dán nínú rẹ̀. Bí ó bá ń dán, ẹ́ńjìnì ti ń jẹ ara rẹ̀ nìyẹn.

Fánbẹ́lìtì ni nǹkan kejì tí kò yẹ kí onímọ́tò fi ṣeré. Bí iná pupa dáínámò bá tàn lójijì nígbà tí ọkọ̀ ń sáré, ẹ má ṣe sọ pé ẹ máa dé Àràmọ̀kọ kí ẹ tó wò ó. Ó lè jẹ́ pé bẹ́lìtì ti já, fáànù ti dúró, ẹ́ńjìnì sì ń sè nínú ooru ara rẹ̀. Ẹ pa á níbi tó bá wà. Bẹ́lìtì kan àti sípánà tó bá nọ́ọ̀tì púlì mu gbọ́dọ̀ wà nínú ọkọ̀ nígbà gbogbo. Ṣíṣe rẹ̀ kò le: púlì òkè pín sí méjì, àwọn wáṣà pẹlẹbẹ wà láàárín wọn. Bí ẹ bá yọ wáṣà kan láti àárín síta, bẹ́lìtì á le. Bí ẹ bá dá a padà, á dẹ̀. Ẹni tó ṣe é yìí rò ó dáadáa.

Bẹ́ẹ̀ ni nǹkan pọ̀ lára ọkọ̀ yìí tí èèyàn á fọwọ́ kàn, tí á sì mọ̀ pé ẹnì kan jókòó ronú sí i. Afẹ́fẹ́ inú táyà sípíà, èyí tó wà níwájú, ló ń ti omi tó ń fọ gíláàsì jáde. Àwọn Ìjàpá àgbà ní fílítà afẹ́fẹ́ tó ń lo ọ́ìlì: a máa ń da ọ́ìlì sí ìdí rẹ̀ dé ojú àmì, kí eruku lẹ̀ mọ́ ọn kó tó dé kábúrétọ̀. Ní ìgbà ọyẹ́, tí eruku pupa ń dìde lójú ọ̀nà oko, mo ti ṣí i rí, tí ẹrẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ṣíbí kan. Gbogbo ẹrẹ̀ yẹn ni ì bá wọnú sìlíńdà. Àwọn kan ń yọ ọ́ dànù, wọ́n ń fi fílítà kékeré olóríṣiríṣi àwọ̀ rọ́pò rẹ̀ nítorí ẹwà. Èmi ò rí ẹwà kankan nínú ìyẹn ní ìlú wa.

Iná ló yẹ kí gbogbo ẹni tó ní Ìjàpá bẹ̀rù. Rọ́bà tó ń gbé epo lọ sí kábúrétọ̀ gba òkè ẹ́ńjìnì kọjá, ìtòsí disitíríbútọ̀ níbi tí iná mànàmáná ti ń ṣẹ́. Rọ́bà yẹn máa ń gbó láìjẹ́ pé ojú rẹ̀ yí padà. Epo tí wọ́n kó wọ Nàìjíríà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, tí methanol inú rẹ̀ pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, tí ìjọba fi ní kí wọ́n kó o kúrò lọ́jà, kọ́ ọ̀pọ̀ wa lẹ́kọ̀ọ́, nítorí pé methanol ń jẹ rọ́bà àtijọ́. Láti ìgbà náà, ọdọọdún ni mò ń pààrọ̀ gbogbo rọ́bà epo, bó dán bí kò dán. Nǹkan kejì ni bátìrì. Abẹ́ àga ẹ̀yìn ló wà, àga náà sì ní irin sípíríìnì nísàlẹ̀. Bí èèyàn tó wúwo bá jókòó síbẹ̀, tí bátìrì kò sì ní ìdérí, irin á kan irin, kóríko inú àga á sì gbiná. Ìdérí bátìrì kò wọ́nwó. Ẹ wá a kí ẹ tó wá ọ̀dà tuntun.

Ní ti páàtì, mo ti sọ pé wọ́n wà. Brazil àti Mexico ṣe Ìjàpá fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí Jámánì ti ṣíwọ́ ní 1978, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ohun èlò rẹ̀ sì ṣì ń ṣiṣẹ́. Àwọn tó ń tà á wà ní Ládìpọ̀ ní Mushin, Nnewi náà kò gbẹ́yìn, àwọn oníṣòwò Adó sì mọ bí wọ́n ṣe ń ránṣẹ́ sí wọn. Ìdánwò ibẹ̀ ni ayédèrú. Kọ́ńtáàtì ayédèrú á jó láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Dáyáfíràmù pọ́ǹpù epo tí kò dára á máa da epo sínú ọ́ìlì láìsí ẹni tó mọ̀. Bí mo bá ní láti yan láàárín ojúlówó àlòkù àti tuntun tí mi ò mọ orísun rẹ̀, ojúlówó àlòkù ni mo máa mú, màá fọ̀ ọ́, màá yẹ̀ ẹ́ wò, màá sì lò ó.

Mi ò ní parọ́ fún ẹnikẹ́ni pé Ìjàpá á dín ìnáwó rẹ̀ kù. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, gbogbo wa ń ka lítà. Ìjàpá kì í mu epo lámujù, àmọ́ Corolla tòkunbọ̀ lè máà mu jù ú lọ, á sì fún ẹ ní amúlétutù. Ìjàpá kò ní báàgì tó ń yọ nígbà ìjàǹbá, táǹkì epo rẹ̀ wà níwájú awakọ̀, bíréèkì rẹ̀ sì ń fẹ́ àkókò kí ọkọ̀ tó dúró. Mi ò kì í wà á lálẹ́ lójú ọ̀nà Àkúrẹ́, mi ò sì kì í bá ẹnikẹ́ni sáré. Ẹni tí iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ wà lórí ọkọ̀ kan ṣoṣo, tó gbọ́dọ̀ dé ibi iṣẹ́ ní agogo méje, kó ra ọkọ̀ mìíràn.

Àmọ́ ẹ wò ó ní àárọ̀ Sátidé, lẹ́yìn òjò. Ẹ jáde ní Adó, ẹ gba Ìyìn àti Ìgèdè kọjá, ẹ dé Àràmọ̀kọ, ẹ yà sí ọ̀nà Ẹrìjìyàn lọ sí Ìkọ̀gòsì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń pàdé. Ẹ ṣí fèrèsé. Ẹ́ńjìnì ń kùn lẹ́yìn yín, ohùn rẹ̀ ń bá òkè yí padà, ẹ sì ń gbọ́ ìgbà tó fẹ́ kí ẹ pààrọ̀ jíà kó tó bẹ̀ yín. Ibi tí ẹrẹ̀ bá wà, àwọn ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnì wọn wà níwájú, tí táyà ẹ̀yìn sì ń tì wọ́n, á máa yọ̀. Ìjàpá gbé ẹ́ńjìnì rẹ̀ lé orí táyà tó ń tì í, ó ń gun ẹrẹ̀ lọ wọ́ọ́rọ́. Bí ẹ bá dúró ra ọ̀gẹ̀dẹ̀, àwọn èèyàn á yí yín ká. Ìyá kan ní Ẹrìjìyàn gbé ọwọ́ lé búùtù iwájú, ó ní, "Irú èyí ni bàbá àwọn ọmọ mi fi gbé mi wálé ìyàwó." Kò bi mí nípa iye tí mo rà á. Ó kàn dúró síbẹ̀, ó ń fọwọ́ pa á. Ìdùnnú tí mò ń rí lára ọkọ̀ yìí, ìdá kan nínú rẹ̀ nìyẹn, mi ò sì mọ ọkọ̀ tuntun tó lè fún mi nírú rẹ̀.

A jẹ́ ọmọ ilẹ̀ tó mọyì irin. Ìrè-Èkìtì, ìlú Ògún Onírè, kò jìnnà sí wa, àwọn awakọ̀ àti alágbẹ̀dẹ sì mọ ohun tí wọ́n ń bọ níbẹ̀. Síbẹ̀, ojoojúmọ́ ni àwọn tó ń ra irin àlòkù kiri ń wọ agbolé, tí wọ́n ń wọn Ìjàpá bàbá èèyàn ní kílò, tí wọ́n sì ń gbé e lọ. Kì í ṣe ẹ̀bi wọn. Ẹni tó bá ní Ìjàpá tí kò rí ẹni tún un ṣe, kí ló fẹ́ fi ṣe?

Ọwọ́ ni ọ̀rọ̀ kàn. Ọ̀pọ̀ àgbà mẹkáníìkì tó mọ Ìjàpá ní Adó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, àwọn mìíràn ti kú. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń gba fíríídọ̀mù lónìí mọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀rọ bi kọ̀ǹpútà ọkọ̀ léèrè ohun tó ń ṣe é. Ó dára, iṣẹ́ ọjọ́ iwájú nìyẹn, wọn ò sì gbọ́dọ̀ fi í sílẹ̀. Àmọ́ ọkọ̀ tí kò ní kọ̀ǹpútà kò ní dá ẹ̀rọ lóhùn, ọ̀dọ́ tí kò sì tíì fi etí wá ibi tí ariwo ti ń wá rí á kàn máa pààrọ̀ páàtì ni, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, lórí owó oníbàárà.

Ìjàpá ni ọkọ̀ tí mo rò pé ó yẹ jù láti fi kọ́ wọn. Bóòtù mẹ́rin péré ló so ẹ́ńjìnì rẹ̀ mọ́ jíà. Èèyàn méjì tó mọṣẹ́ lè sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láàárín wákàtí kan. Gbogbo ohun tí ẹ́ńjìnì epo ń ṣe ló wà níbẹ̀ ní gbangba: epo wọlé, iná ṣẹ́, písítọ̀nù lọ, fáàfù ṣí, fáàfù padé. Adó ní Federal Polytechnic, ó ní yunifásítì ìpínlẹ̀, ó sì ní ọgbà mẹkáníìkì tó kún fún ọmọ iṣẹ́. Bí ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan bá gba Ìjàpá kan tó ti kú, tí wọ́n pe àgbà kan tó mọ̀ ọ́n wá sídìí rẹ̀, tí wọ́n sì san owó tó tọ́ fún un bí wọ́n ṣe ń san fún olùkọ́, ìmọ̀ náà kò ní bá a wọ sàréè. Èmi ti bẹ̀rẹ̀ ní ìwọ̀n tèmi: bí mo bá fẹ́ wọn tápẹ́tì, mo máa ń pe ọmọ iṣẹ́ kan tàbí méjì ní ìdájí, màá jẹ́ kí ọwọ́ wọn dọ̀tí, màá sì jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ìyàtọ̀ láàárín fáàfù tó dẹ̀ àti èyí tó le.

Bí Ìjàpá bá wà lábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn ilé bàbá yín, ní Ìjerò, ní Ìdó, ní Ọ̀yẹ́, ní ibikíbi, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má tíì tà á fún onírin. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé bátìrì wá kó wá fi kọ́kọ́rọ́ yí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ kọ́kọ́ fa epo tó ti bàjẹ́ jáde nínú táǹkì, kí ẹ pààrọ̀ gbogbo rọ́bà epo. Ẹ da ọ́ìlì àtijọ́ nù, ẹ fọ asẹ́, ẹ da tuntun sí i. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ kán ọ́ìlì díẹ̀ sínú sìlíńdà kọ̀ọ̀kan, kó wà bẹ́ẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹ wo abẹ́ bátìrì bóyá ilẹ̀ ọkọ̀ ti dógùn-ún, ẹ yẹ bíréèkì wò. Lẹ́yìn náà, ẹ fi sípánà yí púlì pẹ̀lú ọwọ́. Bí ó bá yí, ẹ́ńjìnì náà ṣì wà láàyè, ó sì tó àkókò láti wá àgbà mẹkáníìkì kan. Bí ẹ bá ń lọ pè é, ẹ mú ọmọ kan dání.